Ṣé ó tọ́ kí á fi àgbàdo àti iyọ̀ tan àgbọ̀nrín wá sórí ilẹ̀ ẹni?

Olóko Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, lápá ibi tí igbó ọba Ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kòkó wà ní apá kan, mo sì ń gbin ẹ̀wà àti ilá sí ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀wà náà ti yọ ewé ni àgbọ̀nrín kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Òru ni wọ́n ń wá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹsẹ̀ wọn ni mò ń bá nínú ebè, wọ́n á ti já gbogbo ọ̀mùnú jẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣọdẹ ní kí n jẹ́ kí òun máa da àgbàdo àti iyọ̀ sí ojú kan létí oko, kí òun so pẹpẹ mọ́ igi, kí òun máa dègùn níbẹ̀. Ó ní tí ẹran bá ti mọ ibẹ̀, wọn kò ní wá sídìí ẹ̀wà mi mọ́, àwa náà á sì rí ẹran jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní rárá o, pé ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ẹran tó tún yìnbọn lù ú nídìí oúnjẹ náà, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ nílé.

Ilẹ̀ wa ni, kì í ṣe igbó ọba, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bóyá kò ní kó wàhálà mìíràn wá, àti bóyá ó tọ́. Ẹ̀yin àgbà ọdẹ tí ẹ wà níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Ọdẹ Àgọ́-Ìwòyè:

Àǹtí, ẹ jẹ́ kó da àgbàdo rẹ̀ jàre. Ẹ̀wà tí ẹ gbìn sétí igbó yẹn, ṣé ìdẹ kọ́ ni lójú ẹran? Ọdẹ tó ṣọ́ oko ẹ̀wà àti ọdẹ tó ṣọ́ òkìtì àgbàdo, oúnjẹ àgbẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń ṣọ́. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹni tí ẹ̀fọn inú igbó kò jẹ rí ló máa ń sọ pé kí ọdẹ má wá ọ̀nà tó rọrùn.

Ọdẹ Òrù:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ oko o. Iṣẹ́ ọdẹ ni bàbá mi fi tọ́ wa, òun náà ni mò ń ṣe títí di òní, nítorí náà màá fara balẹ̀ sọ ohun tí mo mọ̀.

Kí á kọ́kọ́ mọ irú ẹran tí à ń sọ. Ẹtu ò tóbi, kò ju kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Èso tó já bọ́ sílẹ̀ ló ń jẹ jù: ìyeyè, àgbálùmọ̀, òro, ọ̀pọ̀tọ́. Ojúmọmọ ló sì máa ń rìn. Èyí tó ń jẹ ewé ẹ̀wà rẹ lóru, àgbọ̀nrín ni. Ewé, ọ̀mùnú àti ìtànná ni tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ló ń jáde, níbi tí ìbọn bá sì ti ń dún púpọ̀, òru ni yóò kó gbogbo ìrìn rẹ̀ sí. Bí ọmọ yẹn bá da àgbàdo sílẹ̀, kì í ṣe àgbọ̀nrín ló máa kọ́kọ́ rí i. Àparò á dé, òkété á dé, eku á dé, ọ̀kẹ́rẹ́ á dé, ewúrẹ́ abúlé á tẹ̀ lé wọn. Bí túùkú bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ó parí. Túùkú kì í jẹ àgbàdo kó padà, á wọ inú ẹ̀gẹ́ rẹ, á sì tú u láti ìdí.

Iyọ̀ ní tirẹ̀ ń fa ẹran lóòótọ́. Àgbọ̀nrín á wá lá a, ibi tí iyọ̀ bá sì ti rin ilẹ̀, wọn kì í gbàgbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn kì í fẹ́ ilẹ̀ oníyọ̀. Bí òjò bá wọ́ ọ lọ sínú àkùrọ̀ tí ilá rẹ wà, ìwọ lo máa jẹ gbèsè rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwa ni pé kí á wá igi tó ń so. Lásìkò òjò, ìyeyè a máa bọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbálùmọ̀ a máa bọ́. Ilẹ̀ ìdí igi yẹn ló máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún ọ: wàá rí ẹsẹ̀, wàá rí ìgbẹ́ wọn, wàá rí èso tí wọ́n gé jẹ kù. Ọdẹ á wá yan igi mìíràn tó jìnnà díẹ̀, á so pẹpẹ mọ́ ọn, òun là ń pè ní ègùn. Atẹ́gùn ni ọ̀gá níbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń gba ara rẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹran, jókòó síbẹ̀ di àfẹ̀mọ́jú, o kò ní rí nǹkan kan. Kí o ti gun ègùn kí oòrùn tó wọ̀. Má fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, má mu sìgá, má sì sọ̀ kalẹ̀ kí o tó mọ ohun tó ń rìn nísàlẹ̀.

Èyí tí igi fi dára ju òkìtì àgbàdo lọ ni pé èso igi máa ń tán. Bó bá tán, ẹran á tú ká, ọdẹ náà á fi ibẹ̀ sílẹ̀, igbó á sinmi. Àgbàdo tí èèyàn ń fi ọwọ́ dà kì í tán. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dà á, lójoojúmọ́ ni ẹran ń wá, àti ti orí ilẹ̀ rẹ, àti ti orí ilẹ̀ àwọn tí ẹ jọ pààlà, títí ọdẹ kan ṣoṣo á fi pa gbogbo èyí tó wà ní sàkání yẹn tán.

Nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi ò ní pe ọdẹ ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ìdẹ. Abo àgbọ̀nrín a máa lóyún bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí. Kì í mú ọmọ náà rìn. Inú igbó tó ṣókùnkùn ló ń fi í pamọ́ sí, òun nìkan á sì jáde wá jẹun. Abiyamọ yẹn ni ebi ń pa jù nínú gbogbo wọn, òun ló máa kọ́kọ́ sún mọ́ oúnjẹ tí ẹ gbé kalẹ̀. Bí o bá pa á, o ò ní rí ọmọ rẹ̀. Ibi tó tẹ́ ẹ sí náà ni yóò kú sí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá máa ṣọ́ ibi tí ẹran ti ń jẹun gbọ́dọ̀ wo orí ẹran kó tó fa ìbọn. Akọ àgbọ̀nrín ló ní ìwo, abo kì í ní. Ẹtu le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí abo rẹ̀ náà lè ní ìwo.

Olóko Ìjẹ̀bú-Igbó:

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ọmọ pamọ́.

Lọ́yà Ìkẹ́nnẹ́:

Apá tèmi kò gùn. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹni tó ní ìwé ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn kò sọ àgbọ̀nrín tó ń kọjá níbẹ̀ di tiyín bí ewúrẹ́ ṣe jẹ́ ti olówó rẹ̀. Tí ẹ bá ń tan ẹran jáde láti inú igbó ọba, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Wọ́n á sọ ibi tí ààlà wà gan-an fún yín, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ìbọn náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, ìbáà jẹ́ ṣakabùlà. Òfin ìbọn ti 1959 ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí ọta bá ré ààlà kọjá tó ba èèyàn, pé orí ilẹ̀ yín ni ọdẹ dúró sí kò ní gbà á sílẹ̀.

Ohun mìíràn: ẹ ní bàbá yín fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún "wa". Ilẹ̀ ẹbí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n yín tó ní rárá, ohùn tirẹ̀ náà wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ J4:

Àǹtí, mo bẹ̀ yín, ẹ má da iyọ̀ sílẹ̀ lápá ibẹ̀ yẹn. Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde gan-an kò mọ̀ pé erin ń rìn nínú igbó tiwa, ṣùgbọ́n àwa tó ń gbé J4, abúlé tó wà nínú igbó náà, mọ̀ ọ́n, a máa ń rí ẹsẹ̀ wọn àti ibi tí wọ́n ti fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya. Láti 1977 ni UNESCO ti ka apá kan igbó yẹn mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Erin fẹ́ràn iyọ̀, ó fẹ́ràn àgbàdo, ó fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó bá mọ̀ pé ibì kan wà létí igbó tí wọ́n ti ń gbé e kalẹ̀ fún òun, á máa bọ̀. Oko yín á run, ti aládùúgbò yín náà á run. Ọmọdékùnrin tó ń dègùn á wà lórí igi pẹ̀lú ìbọn kékeré, erin á sì wà nísàlẹ̀. Bó bá yìnbọn lù ú nítorí ẹ̀rù, ó ti ṣẹ òfin, erin tó gbọgbẹ́ á sì máa dààmú gbogbo abúlé tó wà níbẹ̀.

Díẹ̀ ló kù nínú àwọn erin yìí. Ó máa ń ká mi lára bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń fà wọ́n síta.

Dókítà Ẹran Ṣàgámù:

Mo kí gbogbo ilé. Mo fẹ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹran, nítorí àwọn èèyàn rò pé ẹni tó fún ẹran lóúnjẹ ti ṣe é lóore.

Àgbọ̀nrín àti ẹtu máa ń jẹ àpọ̀jẹ bí ewúrẹ́ àti màlúù. Ewé ni inú wọn mọ̀. Bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé rí àgbàdo púpọ̀ tó sì jẹ ẹ́ yó, àgbàdo náà á kan nínú rẹ̀, ikùn á wú, omi kíkan á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹran á dùbúlẹ̀. Ó lè kú láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́ ti rí èyí tó já wọ inú àká tó jẹ àgbàdo títí tí kò fi lè dìde mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹran tó kú báyìí á kú sínú igbó, ọdẹ kò ní rí i, kò sì ní mọ̀ pé òun ló pa á. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà kò dára, májèlé wà nínú rẹ̀ tí a kò bá sá a gbẹ.

Àgbàdo wo ni àwọn èèyàn sì máa ń dà fún ẹran? Èyí tó ti bu ni, èyí tí wọn kò lè tà. Ohun tó mú àgbàdo bu yẹn lè ní májèlé tí à ń pè ní aflatoxin nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́ àti ẹ̀dọ̀ ẹyẹ tó bá ṣa níbẹ̀. Àgbàdo tí ẹ kò lè fún adìyẹ yín, ẹ má dà á sínú igbó.

Mo ń bọ̀ wá sórí ewúrẹ́. Bàbá Ọdẹ Òrù ní ewúrẹ́ abúlé á tẹ̀ lé àwọn yòókù débẹ̀, òótọ́ ni. Àrùn kan wà tí à ń pè ní PPR: ojú ewúrẹ́ á máa ṣomi, imú á máa ṣàn, ẹnu á bó, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìfarakanra àti ikun imú ló ń gbé e kiri, ó sì lè ran ẹran ìgbẹ́ tó jẹ́ ìbátan ewúrẹ́. Ibi tí ewúrẹ́ àti àgbọ̀nrín bá ti ń fi imú kan oúnjẹ kan náà, ibẹ̀ ni àrùn ti ń kọjá látọ̀dọ̀ ẹ̀yí sọ́dọ̀ ọ̀hún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Kódà, kòkòrò àrùn tí wọ́n rí ní Nàìjíríà níbí ní 1975 ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, orúkọ rẹ̀ ni Nigeria 75/1. Ẹ gún ewúrẹ́ yín, yálà ẹ tan ẹran tàbí ẹ kò tan án.

Eku ńkọ́? Òkìtì ọkà á kó eku jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré yín, ibẹ̀ sì ni ẹ ti ń sá ẹ̀gẹ́. Eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí a ti mọ̀ láti 1969 ní ilẹ̀ Bọ̀nọ́. Òun nìkan tó fún mi láti sọ pé ẹ má ṣe é.

Ará Ìpẹru ní Michigan:

Mo kí yín láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń fà lọ́dọọdún níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Àgbọ̀nrín ibí kì í ṣe irú tiwa. Ìwo rẹ̀ a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á hù. Ti ilé wa kì í já. Ní Texas, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilẹ̀ ló jẹ́ ti aládàáni, òfin sì gbà kí onílẹ̀ fi àgbàdo tan ẹran. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń da àgbàdo sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n bá yàn. Michigan yàtọ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń bá ikọ́ ife màlúù jà lára àgbọ̀nrín lápá àríwá ìlà-oòrùn, àwọn màlúù àgbẹ̀ sì ń kó o. Lẹ́yìn ìyẹn ni CWD tún dé, àrùn tó ń jẹ ọpọlọ ẹran, tí ẹran á máa rù títí yóò fi kú. Colorado ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1967, kò sì ní oògùn títí di òní. Itọ́ àti ìtọ̀ ló ń gbé e, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n rí i ní Michigan ní 2008, ìjọba fòfin de ìdẹ ní gbogbo apá ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n tú òfin náà ká ní 2011, wọ́n tún dá a padà ní 2019. Àgbàdo tó kó ọ̀pọ̀ imú jọ sójú kan ni gbogbo ìjà náà dá lé.

Ohun tó wù mí kí ẹ rí ni èyí. Ẹran ibí ń bí ìbejì lọ́pọ̀ ìgbà. Ó pọ̀ débi pé mọ́tò ń kọlù ú lójú títì, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìjọba fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kí ọdẹ dín abo kù. Wọ́n ń kà wọ́n, ọdẹ ní ìwé tó sọ iye tó lè pa àti oṣù tó lè pa á. Síbẹ̀ náà, ìdẹ ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹran tiwa ń bí ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó ń kà á, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó tó. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń rí ẹtu lẹ́yìn ilé lọ́nà Ògèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó wà níbẹ̀ lónìí bóyá ó ti fojú rí ọ̀kan láàyè.

Ọmọ Ọdẹ Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ̀gbọ́n Michigan, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n àrùn Amẹ́ríkà kọ́ ló ń jẹ ẹ̀wà àǹtí yìí. Mo ti gbọ́ ti dókítà, mo gbà pé kí wọ́n má da àgbàdo. Mo gbà fún ọmọ J4 náà. Èyí tí n kò gbà ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé dídúró de ẹran nídìí oúnjẹ burú. Ẹ wo ohun tí àwọn tó ń fi iná orí rìn lóru ń ṣe: ojú tó ń tàn nínú òkùnkùn ni wọ́n ń rí, wọn kò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ewúrẹ́ ni tàbí èèyàn. Ìdajì ohun tí wọ́n yìnbọn lù á gba ọta sá lọ, á lọ jẹrà síbi tí ẹnìkan kò mọ̀. Ẹran tó dúró jẹun níwájú ọdẹ tó fara balẹ̀, ọta kan ló máa fi lọ. Nínú méjèèjì, èwo ló fìyà jẹ ẹran jù?

Ọdẹ Òrù:

O sọ̀rọ̀ bí ọdẹ, ọmọ mi. Mo fara mọ́ èyí. Ibi tí mo fa ìlà sí ni pé oúnjẹ tí àgbẹ̀ gbìn fún ara rẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ. Èso tí igi so, ẹ ṣọ́ ọ. Èyí tí ẹ gbé wá láti ọjà nítorí kí ẹran lè máa wá kú síbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ran Ògbèrè:

Ẹ kúu gbogbo rẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ ni mò ń tà létí títì márosẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti àwa tí à ń rà á lọ́wọ́ ọdẹ. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí da oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹran, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé kí ló dé tí òun á fi jókòó sórí igi ní gbogbo òru, kí òun ṣáà po oògùn apakòkòrò bíi Gamalin tàbí Furadan mọ́ àgbàdo náà, kí òun wá kó ẹran lówùúrọ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀. Oògùn yẹn kì í kúrò nínú ẹran bí a bá sun ún tàbí bí a bá sè é. Ajá tó jẹ ìfun rẹ̀ á kú, igún tó bà lé e á kú, ọmọ ẹni tó bá jẹ ẹ́ á dé ilé ìwòsàn.

Bí wọ́n bá gbé ẹran dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń yí i wò. Bí n kò bá rí ojú ọta, tí n kò rí ojú okùn lọ́rùn tàbí lẹ́sẹ̀, n kì í rà á, wọn ìbáà fi í ta mí ní ọ̀pọ̀. Bí ọdẹ bá ní òun bá a ní òkú ni, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2023, nígbà tí anthrax wọ ìpínlẹ̀ Niger, ìjọba kìlọ̀ fún wa gidigidi nípa òkú ẹran.

Ohun tí Bàbá sọ nípa abo jẹ́ òtítọ́. Àwa la máa ń la ikùn wọn. Obìnrin ni mí, ọwọ́ mi kì í gbé e bí mo bá rí ọmọ nínú. Mo ti sọ fún àwọn ọdẹ tó ń tà fún mi pé akọ ni kí wọ́n máa gbé wá, owó akọ lọ́dọ̀ mi sì ju ti abo lọ.

Àgbẹ̀ Ìsàrà:

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ẹ̀wà, torí ẹ̀wà ni obìnrin yìí bá wá. Ẹni tó bá sọ pé àgbàdo létí oko á mú kí ẹran fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó ń jẹ àgbọ̀nrín èṣí lọ́bẹ̀. Àgbàdo á pe ẹran púpọ̀ sí i, wọ́n á jẹ àgbàdo tán, wọ́n á sì fi ẹ̀wà ṣe ìpanu.

Ohun tí à ń ṣe lọ́dọ̀ tiwa nìyí. Ẹ ṣán etí igbó, kí ibi gbalasa kan wà láàárín igbó àti ebè. Àgbọ̀nrín kì í fẹ́ kọjá níbi tí kò ti ní ibi ìsápamọ́ sí, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn oko tó kan igbó gan-an. Ẹ gbé ẹ̀wà àti ilá wá sí apá ilé tàbí ahéré, kí ẹ gbin ata àti atalẹ̀ sí apá igbó, nítorí wọn kì í wù ú jẹ. Ajá ńlá kan tó ń sùn nínú oko ṣe pàtàkì ju ìbọn lọ. Mo máa ń rẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́ sínú omi, màá fi wọ́n ilẹ̀ yí oko ká, òórùn rẹ̀ a máa lé wọn. Ààlà ni kí ẹ wọ́n ọn sí, ẹ má wọ́n ọn sórí ewé tí ẹ máa jẹ. Bí òjò bá fọ̀ ọ́, ẹ tún un wọ́n. Agolo tí a so mọ́ okùn náà dára fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà etí wọn á mọ̀ ọ́n, ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ so ó sí.

Bí owó bá wà, ẹ fi wáyà ṣọgbà yí ẹ̀wà nìkan ká, kì í ṣe gbogbo oko. Ẹ̀gẹ́ tó ti dàgbà lè fara da ewé díẹ̀ tí wọ́n já. Àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ní kí wọ́n wá wo ilẹ̀ náà. Wọ́n ti ràn mí lọ́wọ́.

Olóko Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sétí ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ abiyamọ tó fi ọmọ pamọ́, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní òun ò da àgbàdo mọ́. A ti fẹnu kò pé kò ní sí iyọ̀, kò ní sí àgbàdo. A máa ṣán etí igbó, mo sì máa gbé ẹ̀wà wá sápá ahéré ní ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí la máa fi wáyà yí ká.

Igi ìyeyè méjì wà lórí ilẹ̀ wa, lápá tó jìnnà sí igbó ọba. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà pé kó máa dègùn níbẹ̀, akọ nìkan, ní àsìkò tí èso bá ń bọ́. Ìbọn rẹ̀ ní ìwé. Ṣé ó kù ohun tí a kò rò, Bàbá?

Ọdẹ Òrù:

Ó ku ìkan. Kó tó gun igi, kí ẹ̀yin fúnra yín mú un lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí ẹ jọ pààlà, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀, kí wọ́n mọ igi tí yóò wà àti alẹ́ tí yóò wà níbẹ̀. Kó má yìnbọn síbi tí ojú ọ̀nà àkùrọ̀ wà, ìbáà jẹ́ pé àgbọ̀nrín dúró síbẹ̀, nítorí àwọn obìnrin a máa jí lọ rẹ ẹ̀gẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá sì pa ẹran, kó fi itan kan ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ tó kọ́kọ́ ní rárá.